Owó àjẹmọ́nú ìfẹ̀yìntì wa: ibo ni kí àwa alágbàtọ́ kó o sí nígbà tí ọjà kò dúró sójú kan?

Alágbàtọ́ Ṣàgámù

Mo kí gbogbo ilé, tàgbà tèwe. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣàgámù níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2003. Ní ọdún tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi dìbò yàn mí sínú ìgbìmọ̀ alágbàtọ́ tó ń bójú tó owó àjẹmọ́nú tí ilé-iṣẹ́ ń san fún ẹni tó bá fẹ̀yìn tì. Owó yìí yàtọ̀ sí èyí tí òfin ọdún 2014 ní kí wọ́n máa yọ lóṣooṣù, níbi tí agbanisíṣẹ́ ti ń dá ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, tí òṣìṣẹ́ sì ń dá ìdá 8; ìyẹn wà nínú àpò kálukú, kò sí lábẹ́ wa. Èyí tó wà lábẹ́ wa jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 160 náírà, a sì jẹ́ òṣìṣẹ́ 94 tó ń wo ojú rẹ̀. Bí a ṣe rò ó, àwọn 27 nínú wa ni yóò fẹ̀yìn tì kí ọdún márùn-ún tó pé, méjì nínú wọn sì ń lọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn túká láìsí ìpinnu. Àwọn kan ní kí a sọ gbogbo owó náà di dọ́là, nítorí pé kí Báńkì Àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Àwọn kan ní kí a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú tírẹ́ṣọ́rì bíìlì tó wà, ìyẹn owó tí a yá ìjọba fún àkókò tí kò ju ọdún kan lọ, pé èlé rẹ̀ dára, ìjọba kì í sì í jẹ gbèsè kó má san. Àwọn ọ̀dọ́ inú wa ní kí a ra ṣíà, ìyẹn ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́, pé òṣùwọ̀n ọjà ṣíà, nọ́ńbà tó ń fi hàn bí iye gbogbo ṣíà ṣe ń lọ sókè sódò, ti kọjá 100,000 láti oṣù Kìíní ọdún 2024, àwa nìkan la ṣì jókòó.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo kọ́, n kò kọ́ ìṣirò owó. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí pé owó olówó ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, báwo ni ẹ ṣe máa ń gbé e yẹ̀ wò?

Oníṣirò Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ẹrù tó wà lórí yín, ẹ sì kú ìbéèrè. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń yẹ ìwé owó àwọn ilé-iṣẹ́ wò ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, mo sì ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ alágbàtọ́ méjì. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ pín sí ló ń wá ibi tí wọn yóò kó owó sí, kò sì sí èyí tó kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí wọn yóò wá gbà á padà lọ́wọ́ yín.

Ẹ gbé ìwé kan sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ náà, ẹ kọ ọdún tí oníkálukú yóò fẹ̀yìn tì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì ṣírò iye tí ilé-iṣẹ́ ṣèlérí fún un. Bí ó bá jẹ́ pé orí owó oṣù tí ènìyàn gbà kẹ́yìn ni ẹ ti ń ṣírò àjẹmọ́nú rẹ̀, ẹ fi í sọ́kàn pé gbèsè náà ń ga sókè nígbàkígbà tí wọ́n bá fi kún owó oṣù. Ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni wá; a ti rí i níbi Òjúde Ọba pé rẹgbẹ́rẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń jáde lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn, a kì í da ọmọ ogójì ọdún pọ̀ mọ́ ọmọ àádọ́rin. Bẹ́ẹ̀ náà ni PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ṣe láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2018, nígbà tí wọ́n pín owó ìfẹ̀yìntì sí àpò mẹ́rin: Àpò Kìíní fún ẹni tí kò tíì pé 50 tó fúnra rẹ̀ kọ̀wé béèrè fún un, Èkejì fún àwọn yòókù tí kò tíì pé 50, Ẹ̀kẹta fún ẹni tó ti pé 50 tó ṣì ń ṣiṣẹ́, Ẹ̀kẹrin fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni ìpín tí wọ́n gbà láàyè nínú ṣíà ń dín kù. Ẹ̀yin náà lè yá ọgbọ́n yẹn lò nínú mílíọ̀nù 160 yín.

Owó tí ẹ máa san láàárín ọdún méjì sí ìsinsìnyí kò gbọdọ̀ wà níbi tí iye rẹ̀ ti lè já lulẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Tírẹ́ṣọ́rì bíìlì ọjọ́ 91, 182 àti 364 ni ibi tó tọ́ sí i, pẹ̀lú owó tí a fi pamọ́ sí báńkì fún àkókò kan. Ṣùgbọ́n ẹ pín ti báńkì náà sí ọ̀nà púpọ̀: láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, mílíọ̀nù 5 náírà ni NDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó tí a fi pamọ́ sí báńkì, fi ń dúró fún ẹni tó fi owó pamọ́ sí báńkì ńlá tó bá kógbá sílé, ó sì dára ju ₦500,000 tó wà tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí ni mílíọ̀nù 5 jẹ́ lára owó yín? Oṣù tó tẹ̀ lé e gan-an ni Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ kúrò lọ́wọ́ báńkì kan.

Owó tí ẹ máa san láti ọdún kẹta sí ọdún keje, bọ́ǹdì ìjọba, ìyẹn owó tí a yá ìjọba fún ọdún púpọ̀, ni mo máa ń dámọ̀ràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́ǹdì kan ṣoṣo tí gbogbo rẹ̀ máa pé lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ṣètò rẹ̀ bí àkàsọ̀, kí ọ̀kan máa pé lọ́dọọdún, kí ó bọ́ sí ọdún tí àwọn ènìyàn yín máa fẹ̀yìn tì. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀pọ̀ alágbàtọ́ tí wọ́n ṣubú. Ká ní ẹ ra bọ́ǹdì ₦100 tó ń san ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún fún ọdún mẹ́wàá, tí èlé inú ọjà wá gòkè sí ìdá 20. Kò sí ẹni tó máa fún yín ní ₦100 fún un mọ́, nítorí pé tuntun ń san ìdá 20. Nǹkan bíi ₦66 ni wọ́n máa rà á. Bí ẹ bá lè dúró títí ọdún mẹ́wàá yóò fi pé, ₦100 yín pé pérépéré. Bí ẹnì kan bá fẹ̀yìn tì lọ́la tí ẹ kò ní owó mìíràn lọ́wọ́, ẹ̀ ń ta á ní ₦66 nìyẹn. Kò sí ohun tó ṣe bọ́ǹdì náà. Ẹ̀yin lẹ kò mọ ọjọ́ tí ẹ máa nílò owó.

Àwọn tó ní kí gbogbo rẹ̀ wà nínú tírẹ́ṣọ́rì bíìlì náà ń gbàgbé apá kejì. Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ láti ìdá 11.5 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 títí dé ìdá 27.5 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù, ó gbé e wá sí 27. Ẹni tí gbogbo owó rẹ̀ máa ń pé lọ́dọọdún ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára bí èlé bá ń wálẹ̀. Èlé tó ga pàápàá kì í ṣe èrè títí a ó fi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀wọ́ngógó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè sọ pé iye ọjà ti fi ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ẹni tó fi mílíọ̀nù kan gba èlé ìdá 20 lọ́dún náà ní ₦1,200,000 lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọjà tó ń rà ní mílíọ̀nù kan ti di ₦1,348,000. Agbára owó rẹ̀ kò ju ti ₦890,000 ọdún tó kọjá lọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ìwé báńkì.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi lòdì sí ṣíà fún owó àwọn tó ṣì ní ọdún mẹ́wàá tàbí ogún níwájú. Kí àwọn ọ̀dọ́ inú ìgbìmọ̀ yín ṣáà mọ ìtàn rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n ọjà ṣíà wa kọjá 66,000. Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2009, ó ti wà lábẹ́ 20,000. Ọdún 2023 ló tó padà kọjá ibi tó ti já bọ́, ọdún 15 gbáko, láìka owó èrè tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń pín láàárín ìgbà náà. Mo mọ ẹni tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 2009. Kò sí ọdún 15 lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti dọ́là, náírà ni ẹ jẹ àwọn ènìyàn yín, náírà ni wọn yóò gbà. Ìpín díẹ̀ lè wà nínú bọ́ǹdì tí ìjọba fi dọ́là tà, bí irú èyí tí wọ́n tà nílé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024 fún ọdún márùn-ún pẹ̀lú èlé ìdá 9.75. Ṣùgbọ́n kí a sáré kó gbogbo owó lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí dọ́là ti gòkè tán, ẹ wo ẹni tó ra dọ́là ní iye tó ju ₦1,500 lọ ní oṣù Kejì ọdún 2024: nígbà tó fi máa di àárín oṣù Kẹrin, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi ₦1,150, kó tó tún gòkè padà. Bí ẹnì kan bá fẹ̀yìn tì ní oṣù Kẹrin yẹn, ta ni yóò ṣàlàyé fún un?

Oníṣòwò Obì

Ẹ kú àlàyé, bàbá. Ọjà obì ní Ṣàgámù níbí ni èmi wà, ìwé mi kò pọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilẹ̀ kì í wálẹ̀. Àwọn tó ra ilẹ̀ lápá Ṣìmáwà àti Mọ̀wé nígbà tí a ṣì kéré, ẹ wo ohun tí wọ́n ń tà á báyìí. Kí ló dé tí ìgbìmọ̀ kò lè ra ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún?

Oníṣirò Ìjẹ̀bú-Òde

Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pọ̀, òótọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ lápá ibẹ̀ yẹn ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ọlọ́lá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé obì tó wà nínú agbọ̀n, ẹ lè mú ogún níbẹ̀ tà lónìí kí ẹ sì bo ìyókù padà sínú ewé. Ilẹ̀ kì í gé bẹ́ẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ kan bá fẹ̀yìn tì tó yẹ kí a san mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ fún un, a kò lè gé igun kan lára ilẹ̀ fún un. A ó wá oníbàárà, a ó wá ìwé, a ó bá àwọn ọmọ onílẹ̀ sọ̀rọ̀, bóyá ìdílé kejì á tún jáde láti kóòtù. Ẹni tó ń ná owó ara rẹ̀ lè ní sùúrù yẹn. Alágbàtọ́ ti fún ènìyàn ní ọjọ́ ìsanwó kó tó ra ohunkóhun.

Ìyá Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ti wà ní òdìkejì odò sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ilé-ìwé aládàáni ni mo ti fẹ̀yìn tì ní ọdún 2016. Owó tó ń wọlé fún mi lóṣooṣù dà bí ẹni pé ó tó nígbà náà. Mo ra gàrí, mo ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, mo sì tún fún àwọn ọmọ-ọmọ ní nǹkan. Lónìí, bí mo bá ti kúrò ní ilé olóògùn, ohun tó kù kò ra ìdajì àpò gàrí Ìjẹ̀bú tí mò ń fi owó yẹn rà tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó jí owó mi. Ẹni tó ń bójú tó o kò ṣe àfojúdi sí mi rí, ìwé owó mi sì máa ń dé lásìkò. Owó náà kàn ń yọ́ ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ mọ̀ ni pé bí ẹ bá ń sọ pé ẹ kò fẹ́ kí owó pàdánù, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwa tí a ti ń ná an irú àdánù tó ń dùn wá jù. Ẹ̀rù ṣíà ń bà yín, ó sì yẹ kó bà yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ̀rù owó tó jókòó síbì kan tí agbára rẹ̀ ń tán lọ náà máa bà yín. Ẹ pe ẹnì kan tó ti fẹ̀yìn tì nílé-iṣẹ́ yín wá sí ìpàdé, kí ó sọ ohun tó fi owó rẹ̀ rà lóṣù tó kọjá.

Ọmọ Ìkẹ́nẹ́ lókè òkun

Ẹ kúulé o. Mo jẹ́ alágbàtọ́ owó ìfẹ̀yìntì nílé-iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Manchester. Òfin ọdún 2004 ti Gẹ̀ẹ́sì ní kí ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn alágbàtọ́ jẹ́ ẹni tí àwọn tó ni owó yàn, bí wọ́n ṣe yan ẹni tó béèrè ìbéèrè yìí. Mo fẹ́ fi ohun tí ojú wa rí ní ọdún 2022 kún ọ̀rọ̀ bàbá oníṣirò.

Bọ́ǹdì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wa kà sí ohun tí kò lè dani. Ọ̀pọ̀ àpò owó ìfẹ̀yìntì fi bọ́ǹdì wọn dógò, wọ́n yá owó lórí rẹ̀, kí ohun tí wọ́n ní lè bá gbèsè ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún tó wà lọ́rùn wọn mu. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, Kwasi Kwarteng tó jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná kéde ìdínkù owó orí tí kò sọ ibi tí owó rẹ̀ yóò ti wá. Iye bọ́ǹdì já lulẹ̀. Àwọn tó yá wa lówó ní kí a mú ohun ìdógò sí i wá kíákíá, àwọn àpò tí kò ní owó lọ́wọ́ sì ń ta bọ́ǹdì láti rí i san, bí wọ́n ṣe ń tà á ni iye rẹ̀ ń já sí i, tí wọ́n sì tún ń béèrè ìdógò mìíràn. Ní ọjọ́ 28, Báńkì Gẹ̀ẹ́sì ní láti jáde pé òun ṣe tán láti ra bọ́ǹdì tó tó bílíọ̀nù 65 pọ́n-ùn. Ìgbìmọ̀ tiwa kò yá owó púpọ̀, a sì ní owó tó wà nílẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi sùn. Kì í ṣe pé a gbọ́n ju àwọn yòókù lọ. Ó ti wà nínú ìwé tí àwọn tó ṣáájú wa kọ pé owó ìsan ọdún méjì gbọ́dọ̀ máa wà nítòsí, kò sì sí ẹni tó láyà láti yí i padà.

Ẹni tó bá sì ń sọ pé ìjọba kì í jẹ gbèsè kó má san, kó wo Gánà tó wà nítòsí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìjọba wọn ní kí àwọn tó ra bọ́ǹdì nílé gba bọ́ǹdì mìíràn tí èlé rẹ̀ kéré, tí ọjọ́ rẹ̀ sì jìn. Nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ halẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ ni ìjọba fi yọ owó ìfẹ̀yìntì kúrò nínú rẹ̀ ní oṣù náà, síbẹ̀ wọ́n tún padà wá bá wọn ṣe àdéhùn mìíràn ní ọdún 2023. N kò sọ pé kí ẹ sá fún bọ́ǹdì Nàìjíríà o. Mo ní kí ó má jẹ́ òun nìkan.

Ọ̀rọ̀ mi tó kù kúrú. Nígbà tí Robert Maxwell kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 1991 ni wọ́n tó rí i pé ohun tó lé ní mílíọ̀nù 400 pọ́n-ùn ti pòórá nínú owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ọjà ló jẹ ẹ́. Nínú òfin ọdún 1995 tó tẹ̀ lé e, ó di dandan fún àwọn alágbàtọ́ láti kọ ìlànà ìdókòwò wọn sílẹ̀. Ẹ kọ tiyín náà. Ẹ kọ ìpín tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù tó lè wà nínú ohun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ oṣù tí ẹ máa tún un tò bí ọ̀kan bá ti gòkè ju ààlà rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí dọ́là bá fò tàbí tí ṣíà bá já, ìwé yẹn ni kó sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé, kì í ṣe ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù.

Alágbàtọ́ Ṣàgámù

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an, ọwọ́ yín kò ní gbẹ. Mo ti ṣe ohun tí bàbá ní kí a kọ́kọ́ ṣe. Èmi àti akọ̀wé wa jókòó fún ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta, a kọ orúkọ òṣìṣẹ́ 94 náà, a sì gbé ìwé ọjọ́ orí wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó máa fẹ̀yìn tì láàárín ọdún márùn-ún kì í ṣe 27, wọ́n jẹ́ 31. Ọjọ́ ìbí àwọn mẹ́rin ni wọ́n kọ lọ́nà tó yàtọ̀ nínú ìwé ilé-iṣẹ́. Gbèsè ọdún méjì àkọ́kọ́ nìkan ju ohun tí a rò lọ pẹ̀lú mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Ká ní a ti kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo níjọ́sí, n kò mọ ohun tí à bá fi san án.

A ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa dókòwò pé kí wọ́n fi bọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan tó wà lọ́wọ́ hàn wá pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò pé, àti iye tí wọ́n ń yọ gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ wọn lọ́dọọdún, nítorí pé kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ̀ ọ́n. Ìpàdé wa yóò tún wáyé ní ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí. Ìwé ìlànà tí ọmọ Ìkẹ́nẹ́ sọ ni ohun àkọ́kọ́ tí a máa jíròrò. Ìyá Olùkọ́, a ti pe bàbá kan tó ṣiṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ wa títí di ọdún 2019, ó sì ti gbà láti wá. Ó ní òun yóò mú rìsíìtì ilé olóògùn òun dání.